Ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí kò ní mọ́tò lẹ́bàá odò Loire: ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibẹ̀, ẹ bá wa dá sí i

Àṣàkẹ́ Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Mo máa ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́bàá kànáà, odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ti mọ́ mi lára. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti bọ́ sí títì, tí ọkọ̀ àjàgbé wá ń rọ́ bọ̀ lẹ́yìn mi, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Èmi àti bàbá àwọn ọmọ fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan ní Faransé nínú oṣù Kẹsàn-án, kí a máa gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́ láti ìlú kékeré kan bọ́ sí òmíràn. Wọ́n ní ọ̀nà kan wà lẹ́bàá odò Loire tí wọ́n ń pè ní La Loire à Vélo, pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Orúnkún bàbá kò fẹ́ òkè rárá.

Ṣé lóòótọ́ ni pé mọ́tò kì í gba ibẹ̀? Apá ibo ló pa rọ́rọ́ jù? A tún fẹ́ràn igbó, ṣé èèyàn lè gba inú igbó wọn kọjá láìséwu? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn sọ pé ó dára. Ẹ sọ bó ṣe rí.

Ọmọ Alákétu

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, màmá wa. Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ ni ilé wa, Orléans ni mò ń gbé báyìí, ẹ̀bá odò yìí ni mo sì ń gbà lọ síbi iṣẹ́.

Ọ̀nà náà gùn tó nǹkan bíi 900 kìlómítà. Cuffy, nítòsí Nevers, ni orí rẹ̀ wà, ìdí rẹ̀ sì wà ní Saint-Brevin-les-Pins létí òkun Àtìláńtíìkì. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni mọ́tò kì í gbà o. Oríṣi méjì ló pò mọ́ra níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní voie verte, òfin ti lé mọ́tò àti alùpùpù kúrò lórí rẹ̀, oníkẹ̀kẹ́, ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin ló ni ín. Èkejì ni títì kéékèèké tí àwọn àgbẹ̀ àti ará abúlé ń gbà, tí wọ́n kàn ri pátákó kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mọ́tò lè gba irú èyí, àmọ́ ẹ lè gùn títí kẹ́ ẹ má rí ẹyọ kan. Awakọ̀ tó bá sì fẹ́ kọjá lára yín lẹ́yìn ìlú gbọ́dọ̀ fi mítà kan ààbọ̀ sílẹ̀ láàárín yín. Nínú ìlú, mítà kan. Òfin ni, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń pa á mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn títì yẹn dákẹ́ ni pé ọ̀nà pọ̀ ní Faransé ju bí èèyàn ṣe rò lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan kìlómítà, èyí tó ju ìdajì lọ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kéékèèké. Ọkọ̀ ńlá ti bọ́ sí márosẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ti bá iṣẹ́ lọ sí ìlú ńlá, títì abúlé wá ṣẹ́ kù fún katakata, fún ọkọ̀ tó ń pín lẹ́tà, àti fún wa. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí orúkọ La Loire à Vélo nìkan gba gbogbo ọkàn yín. Ẹ ra máàpù tó fi àwọ̀ ya ọ̀nà sọ́tọ̀. Lórí èyí tí Michelin ń tẹ̀, títì pupa ni ti ọkọ̀ tó ń sáré, àwọn funfun tín-ín-rín ni tiwa. Lẹ́bàá Loire, ẹ sá fún títì D952 tó wà ní apá àríwá odò. Ó lẹ́wà lójú, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń sáré níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí orí levée ṣe rí. Láti ayé àtijọ́ ni wọ́n ti ń mọ òkìtì gìrìwò lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò yìí, kó má baà ya wọ ilé onílé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, orí òkìtì náà ni ọ̀nà gbà. Odò wà lápá kan yín, ó fẹ̀, kò jìn, iyanrìn yọ láàárín rẹ̀, ẹyẹ funfun sì tò sórí iyanrìn. Lápá kejì, ẹsẹ̀ yín ga ju fèrèsé àwọn ilé lọ, ẹ ó máa wo inú ọgbà ẹ̀fọ́ wọn láti òkè: tòmátì, ẹ̀wà tó fà sórí igi, ajá tó ń sùn lábẹ́ kẹ̀kẹ́-ẹrù. Kò sí ọkọ̀ ẹrù lórí odò náà mọ́ lọ́dọ̀ wa, torí náà ìró tó bá dé etí yín kò ju ti ewé, ti ẹyẹ àti ti ṣéènì yín lọ. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ dọ́ba.

Délé Toulouse

Màmá, ẹ kú u. Ọmọ Alákétu ti sọ òótọ́ pé mọ́tò ń gba apá kan ibẹ̀, ìyẹn gan-an ni mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ wá sí ọ̀dọ̀ wa. Kànáà Garonne, tí wọ́n parí ní 1856, gùn tó 193 kìlómítà láti Toulouse títí dé Castets-en-Dorthe. Ọ̀nà ọlọ́dà wà létí omi, mọ́tò kì í gbà á rárá, ilẹ̀ sì tẹ́ bí ojú omi fúnra rẹ̀, nítorí òun ni ó bá rìn. Ibi kan ṣoṣo tí ẹsẹ̀ yín á ti mọ̀ ọ́n lára ni ẹ̀gbẹ́ àwọn ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú omi gòkè. Ní Agen, kànáà gba orí afárá òkúta kọjá lórí odò Garonne, ẹ̀yin náà á bá omi gorí afárá. Àwọn igi plane tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì máa ń pa ẹnu pọ̀ lókè, ibòòji ló kù.

Ẹni tí àyà rẹ̀ ń já nítorí mọ́tò, kí ló tún ń wá níbi tí mọ́tò wà?

Ọmọ Alákétu

Délé, mo gbà, kànáà yín dára fún ẹni tó fẹ́ kí ọkàn òun balẹ̀ pátápátá. Ṣùgbọ́n igbó ni màmá ní àwọn fẹ́ràn. Lórí kànáà, ìlà gbọọrọ kan náà ni láti òwúrọ̀ dé alẹ́, omi lọ́tùn-ún, igi lósì. Lọ́dọ̀ wa, ẹ lè fi odò sílẹ̀ láàárọ̀, kẹ́ ẹ bọ́ sínú igbó lọ́sàn-án, kẹ́ ẹ sì padà sétí odò kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyẹn kì í sú èèyàn.

Délé Toulouse

Kì í sú ẹni tó ń wo omi. Ìlú tó wà lọ́nà náà kì í jọra: Moissac ní ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí ayé gbogbo mọ̀, Agen sì ni wọ́n ti ń ta èso púrúùnù gbígbẹ tó lókìkí. Àmọ́ mo gbọ́ tìẹ. Ẹni tó bá fẹ́ igbó, kànáà kọ́ ló máa wá.

Akínkúnmi, Ìbàdàn

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ta ló ń náwó sórí ọ̀nà gígùn báyìí fún kẹ̀kẹ́ lásán? Ṣé wọ́n ń gbowó lẹ́nu ibodè ni? Lọ́dọ̀ wa níbí, etí títì gan-an kò sí fún ẹlẹ́sẹ̀, ká má tíì sọ ti oníkẹ̀kẹ́.

Ọmọ Alákétu

Ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ìjọba àwọn ẹkùn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ náà dá sí i. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé wọn kò la ọ̀pọ̀ ọ̀nà tuntun. Ohun tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún ṣe: orí levée, etí kànáà níbi tí ẹṣin ti ń fa ọkọ̀ ojú omi láyé ọjọ́un, àti títì oko. Ní apá ibòmíràn, ojú irin tí rélùwéè ti kọ̀ sílẹ̀ ni wọ́n hú kúrò, tí wọ́n da ọ̀dà sí ojú ibẹ̀. Láàárín Givry àti Cluny ní Burgundy, ibi tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ sí ní 1997 wà lára àwọn àkọ́kọ́ pátápátá. Rélùwéè kì í gun òkè gíga, ìdí nìyẹn tí àwọn ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fi tẹ́jú.

Owó tí wọ́n ná náà ń padà wá: ilé àlejò, ilé búrẹ́dì, àwọn tó ń yá èèyàn ní kẹ̀kẹ́, gbogbo wọn ń jẹ nínú rẹ̀. Abúlé tí ilé ìtajà rẹ̀ ì bá ti kógbá wọlé ṣì ń rí oníbàárà. Ó dùn mí púpọ̀ pé ìjọba tiwa kò tíì rí i bẹ́ẹ̀, torí ojú irin àtijọ́ kò wọ́n wa ní Bẹ̀nẹ̀, kò sì wọ́n yín ní Nàìjíríà.

Ṣadé Brighton

Àǹtí Àṣàkẹ́, bẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò ná kẹ́ ẹ tó lọ jìnnà, ibìkan súnmọ́ wa. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi ní Newhaven, bíi wákàtí mẹ́rin lẹ ó dé Dieppe. Nítòsí ibẹ̀, ní Arques-la-Bataille, ojú irin àtijọ́ kan ti di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ títí dé Forges-les-Eaux, bíi 45 kìlómítà, kò sí mọ́tò, màlúù nìkan ló ń wo èèyàn. Ara ọ̀nà Lọ́ńdọ̀nù sí Párísì ni. Ẹ lè fi òpin ọ̀sẹ̀ kan ṣe é, kí bàbá mọ ohun tí orúnkún àwọn máa sọ.

Àṣàkẹ́ Peckham

Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣadé, a ó lọ sí Dieppe lóṣù tó ń bọ̀, mo ti sọ fún bàbá.

Ọmọ Alákétu, igbó tí ẹ ń sọ yẹn ni ọkàn mi wà. Èwo ni? Ẹ̀gbọ́n mi kan ní àwọn ọdẹ máa ń yìnbọn nínú igbó Faransé, èyí bà mí lẹ́rù. Mo tún ní ìbéèrè lórí afẹ́fẹ́. Níbi kànáà wa níhìn-ín, ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí mi, ó dà bí ẹni pé mo ń gun òkè.

Ọmọ Alákétu

Igbó méjì ló wà nítòsí wa, ìwà wọn yàtọ̀ síra.

Ní àríwá odò ni Forêt d'Orléans. Ìjọba ló ni ín, ó sì fẹ̀ tó bíi 35,000 hẹ́kítà, kò sí igbó ìjọba kankan ní Faransé ti ilẹ̀ Yúróòpù tó tóbi tó o. Igi óákù àti igi páìnì ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀nà àwọn tó ń tọ́jú igbó gún régé, ẹ̀wọ̀n irin sì dábùú ẹnu púpọ̀ nínú wọn kí mọ́tò má baà wọlé. Kẹ̀kẹ́ ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wọ̀n náà kọjá. Àṣá kan wà níbẹ̀ tó máa ń já ẹja nínú omi, balbuzard ni wọ́n ń pè é, ó tún padà wá ń pamọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti pa á tán ní agbègbè náà. Bó bá kan ìgbà òtútù, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló máa ń fò lọ, ọ̀dọ̀ tiwa! Nínú oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n ń múra ìrìn àjò náà, ẹ gbójú sókè bẹ́ ẹ bá kọjá lẹ́bàá adágún.

Ní gúúsù ni Sologne wà: igbó, koríko aláwọ̀ àlùkò, àti adágún tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ. Ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́ ju ti àríwá lọ. Wàhálà rẹ̀ ni pé àwọn olówó ló ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, wáyà gíga ni wọ́n fi yí igbó wọn ká, tí àgbọ̀nrín kò lè ré títì kọjá, tí èèyàn náà á máa gun kẹ̀kẹ́ láàárín wáyà méjì. Ó bí ará ìlú nínú títí òfin fi jáde lóṣù Kejì 2023: wáyà kò gbọ́dọ̀ ga ju mítà kan lé ní ogún sẹ̀ǹtímítà, ó sì gbọ́dọ̀ fi 30 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ nísàlẹ̀ kí ẹranko rí ibi gbà. Inú mi dùn sí òfin yìí gan-an. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rí Sologne, ẹ wọ rélùwéè láti Orléans sọ̀kalẹ̀ ní La Ferté-Saint-Aubin tàbí Lamotte-Beuvron, títì funfun ló yí ibẹ̀ ká.

Ti ọdẹ: òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n yín sọ. Láti oṣù Kẹsàn-án títí dé òpin oṣù Kejì ni wọ́n ń ṣọdẹ. Bí wọ́n bá ń dọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó tàbí àgbọ̀nrín, wọn á gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà. Bẹ́ ẹ bá rí i, ẹ yí padà, ẹ má ṣe bẹ̀bẹ̀. Ẹ wọ aṣọ tó tàn yòò, kẹ́ ẹ sì fi igbó sí àárín ọ̀sẹ̀, torí òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń pọ̀. Ìparí oṣù Kẹsàn-án náà ni akọ àgbọ̀nrín máa ń ké láti pe abo. Igbe yẹn lágbára, ó ń ti inú ẹ̀dọ̀fóró wá, ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ẹranko búburú ló ń bọ̀. Kò ní wá bá yín.

Ti afẹ́fẹ́: láti ìwọ̀-oòrùn, láti òkun, ló ti máa ń fẹ́ jù. Ẹ máa gùn lọ sí ìlà-oòrùn, ìyẹn ni pé ẹ dojú kọ orísun odò. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ó gun òkè. Láti Orléans dé Nevers fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 kìlómítà, ilẹ̀ kò sì fi 100 mítà ga sí i ní gbogbo ọ̀nà yẹn.

Ọ̀nà tí màá gbà bó bá jẹ́ èmi nìyí. Ẹ kúrò ní Orléans, ẹ gba Combleux, Jargeau, Châteauneuf, ẹ dúró ní Saint-Benoît kẹ́ ẹ wo ilé àwọn mọ́ńkì, ẹ sùn ní Sully tí ààfin rẹ̀ wà láàárín omi. Lẹ́yìn náà, Gien. Lẹ́yìn Gien, Briare, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí. Afárá kan wà níbẹ̀ tí odò Loire ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀, kànáà sì ń ṣàn lórí rẹ̀. Ó gùn tó 662 mítà, 1896 ni wọ́n ṣí i, ilé iṣẹ́ Eiffel ló mọ àwọn òpó òkúta rẹ̀. Kí ó tó wà, inú odò gan-an ni àwọn ọkọ̀ ojú omi ní láti là kọjá, bí omi bá sì kún tàbí tí ó fà, wọn á dúró. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín, etí afárá kò gba kẹ̀kẹ́ tó ń sáré. Àwọn òpó iná tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, bẹ́ ẹ bá sì bẹ orí wo ìsàlẹ̀, odò mìíràn ló wà níbẹ̀.

Láti Briare, ẹ̀bá kànáà àti odò lẹ ó máa gbà títí dé Saint-Satur. Orí òkè tó ga ni ìlú Sancerre wà, wọ́n ń ṣe wáìnì níbẹ̀. Ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀, nítorí orúnkún bàbá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni La Charité, àti Cuffy níbi tí odò Allier ti ń pàdé Loire. Nevers súnmọ́ ibẹ̀, rélùwéè á gbé yín padà sí Párísì.

Ohun kan tí màá sọ kó má baà jẹ́ ìyàlẹ́nu: ẹ ó kọjá lẹ́bàá ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì méjì, Dampierre àti Belleville. Láti ọ̀nà jíjìn lẹ ó ti máa rí èéfín omi funfun wọn. Kò dí yín lọ́wọ́, àmọ́ ó wà níbẹ̀.

Ọ̀gá Fókánáísà

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe ní Manchester, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kàn mí. Táyà tín-ín-rín kò dára fún ọ̀nà yẹn, torí ẹ ó bá iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ pàdé níbi tí ọ̀dà bá tán. Ẹ lo táyà tó fẹ̀ tó 35 sí 40 mílímítà, ẹ má sì fẹ́ ẹ le koko. Kò sí fókánáísà létí ọ̀nà níbẹ̀! Túùbù méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, pọ́ǹpù, ohun tí wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, àti irin tí wọ́n fi ń ṣí táyà. Ẹ yí táyà kan nílé fúnra yín, lọ́wọ́ ara yín, kẹ́ ẹ tó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ yẹ rọ́bà bíréèkì wò. Aago àti iná jẹ́ dandan lófin ní Faransé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú lẹ́yìn ìlú, ẹ̀wù tó ń kọ mọ̀nà jẹ́ dandan pẹ̀lú. Akoto kò pọn dandan fún àgbàlagbà, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ni òfin dè, ṣùgbọ́n ẹ dé e.

Délé Toulouse

Kí n fi ti oúnjẹ àti omi kún un, torí èyí kan gbogbo abúlé Faransé. Láàárín ọ̀sán, ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ló ń tì. Ilé búrẹ́dì púpọ̀ kì í ṣí lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ ra oúnjẹ ọ̀sán yín láàárọ̀. Bí omi bá tán, ẹ wá itẹ́ òkú abúlé, ẹ̀rọ omi máa ń wà níbẹ̀ fún àwọn tó ń bomi rin òdòdó. Bó bá ní àkọlé "non potable", ẹ má mu ún. Bẹ́ ẹ bá sì wọ ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ sọ "bonjour" kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹni tí kò bá kí wọn, wọn kì í fẹ́ dá a lóhùn, ẹ̀yin náà ṣáà mọ irú ẹ̀.

Àṣàkẹ́ Peckham

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Bàbá ka gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ti fara mọ́ ọn: Orléans sí Nevers. Ọjọ́ kan á wà fún igbó, láàárín ọ̀sẹ̀. Ó ku ti ibi tí a ó sùn àti ti kẹ̀kẹ́ nínú rélùwéè.

Ọmọ Alákétu

Fún ibùsùn, ẹ wá èyí tó ní àmì Accueil Vélo. Wọn kò jìnnà ju kìlómítà márùn-ún lọ sí ọ̀nà, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ibi tí ẹ ó ti kẹ̀kẹ́ mọ́, wọ́n sì ní irinṣẹ́. Ẹ gba àyè sílẹ̀ fún Sully àti Briare, nítorí wọn kò tóbi.

Rélùwéè: Párísì-Austerlitz ni ti Orléans, Párísì-Bercy ni ẹ ó padà dé láti Nevers. Èyí tó jẹ́ ti ìjọba ẹkùn ni kẹ́ ẹ wọ̀, kẹ̀kẹ́ ń wọ inú rẹ̀ láìtú. Ẹ wo orí ìkànnì wọn bóyá wọ́n ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ yín, kẹ́ ẹ sì yẹra fún ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè tí èrò máa ń há gádígádí. Bẹ́ ẹ bá ti mọ ọjọ́ tẹ́ ẹ ó dé, ẹ kọ ọ́ síbí. Màá pàdé yín ní afárá George V, màá sì bá yín gùn ún dé Combleux.